Awakọ̀ ni tàbí Ògbufọ̀? Orúkọ Ètò tí ó ń Jẹ́ kí Kọ̀ǹpútà Apèsè Lo Káàdì Ìsokọ́ra

Ìfáárà

Ahunṣọ tí ó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin omù, asà àti apasà. Bí ó bá ní kí ọmọ iṣẹ́ òun gbé apasà wá, tí ọmọ náà sì gbé omù lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé nínú iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Irinṣẹ́ ni òun náà.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ tí ó yẹ kí a fún ètò kékeré tí ó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀yà ara rẹ̀ kan, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní driver. Èrò wa ni pé ògbufọ̀ ni orúkọ tí ó bá a mu, pé awakọ̀ kò bá a mu rárá, àti pé ẹni tí ó bá lo orúkọ tí ó tọ́ yóò tètè mọ ibi tí yóò ti wá ètò náà àti ọ̀nà tí yóò gbà fi í sípò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan

Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga; nígbà tí ó di ọdún 2015, kọ̀ǹpútà ti rọ́pò bébà. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí àti olùkọ́ ní Òkè-Ògùn, bí ti ibòmíràn, ti ń wá bí àwọn ọmọ wọn yóò ṣe fi kọ̀ǹpútà dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ní irú ibi ìdánrawò bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ni ó máa ń kó gbogbo ìbéèrè pamọ́ tí í sì í pín in fún àwọn yòókù. Òun ni a ó máa pè ní kọ̀ǹpútà apèsè nínú iṣẹ́ yìí; sáfà ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wáyà ni a fi so ó mọ́ àwọn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tì. Bí ọ̀nà yìí bá dí, kò sí ọmọ kan tí yóò rí ìbéèrè kankan, ìbáà ṣe pé gbogbo kọ̀ǹpútà tan rederede.

A pe èmi tí mo ń kọ ìwé yìí sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láàrin Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà apèsè tuntun. Ó tan, ṣùgbọ́n kò rí àwọn yòókù, àwọn yòókù kò sì rí i. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ti kọ ìwé pélébé sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé: ‘Kò lè ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí awakọ̀ fún káàdì.’ Akápò ka ìwé náà, ó sì bi ọ̀gá pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, awakọ̀ wo ni a tún ń dúró dè? Ṣebí bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ yìí náà ni ó gbé ẹ̀rọ yìí dé?’ Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe kejì kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan ti ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ó ti kó awakọ̀ ti inú rẹ̀ sórí fúláàṣì, ó sì ti fi í sórí ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí. Nígbà tí mo bi í pé kí ni ó mú un rò pé ti àtijọ́ yóò bá tuntun mu, ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ẹni tí ó bá lè wa mọ́tò kan yóò lè wa òmíràn ni.’ Èrò rẹ̀ bá orúkọ náà mu pátápátá. Orúkọ gan-an ni ó ṣì í lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

Iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe

Kí a tó lè sọ orúkọ nǹkan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ètò kan tí ó ń ṣàkóso gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. A ó máa pè é ní ètò aṣàkóso. Windows àti Linux wà lára irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ètò aṣàkóso bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, àṣẹ gbogbogbòò ni ó ń pa: ‘Gbé èyí jáde.’ Ṣùgbọ́n irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò yé káàdì ìsokọ́ra, tí wáyà ń wọ ẹnu rẹ̀. Ohun tí ó yé e ni pé kí a kọ nọ́ńbà báyìí sí ojú àyè báyìí nínú ara rẹ̀, kí a sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ tí yóò gbé wà nínú iyè kọ̀ǹpútà hàn án. Bí a ṣe to àwọn ojú àyè wọ̀nyí yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ó tilẹ̀ máa ń yàtọ̀ láàrin káàdì méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe.

Ètò kékeré tí à ń wí yìí ni ó dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Ó ń gba àṣẹ ètò aṣàkóso, ó sì ń sọ ọ́ di èdè káàdì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ìta wọlé, káàdì a ké sí i, òun náà a sì rò ó fún ètò aṣàkóso ní èdè tí ó yé e. Òun kọ́ ni ó ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò sì sí ohun tí ó ń wà. Iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó láàrin adájọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan àti olùpẹ̀jọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ògbufọ̀ sì ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn orúkọ tí a lè gbé yẹ̀ wò

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún wa. Èkíní ni kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò. A kò lòdì sí àyálò, nítorí pé a ti yá káàdì, wáyà àti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n a ti yá ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: dírẹ́bà ti wà lẹ́nu wa, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ni ó sì ń tọ́ka sí. Ọ̀nà kejì ni kí a túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru sí awakọ̀. Àbùkù ti àkọ́kọ́ ni ó wà lára èyí náà, ó sì tún burú jù ú lọ, nítorí pé ọkọ̀ hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó ti wà nílẹ̀ lójú. Èyí ni a yàn. Ògbufọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ògbifọ̀, ní fọ̀ nínú, èyí tí a tún rí nínú fọhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ sì ni gbogbo iṣẹ́ ètò yìí.

Àtakò pàtàkì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ètò mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní interpreter, èyí tí í máa ka ohun tí ènìyàn kọ ní èdè bíi Python tí í sì í mú un ṣẹ bí ó ti ń kà á lọ. Ẹnìkan lè bèèrè pé bí a bá ti fi ògbufọ̀ fún ti àkọ́kọ́, kí ni a ó pe èyí? Ìdáhùn wa ni pé kí a máa pe ti àkọ́kọ́ ní ògbufọ̀ ẹ̀rọ ní kíkún, nítorí pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún, kí a sì pe èkejì ní atúmọ̀ ètò. Kò pọn dandan kí ààlà ọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá bọ́ sí ibi tí ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí.

Orúkọ tí ó tọ́ ń tọ́ni sọ́nà

Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ògbufọ̀ ni òun ń wá yóò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin, àwọn ìbéèrè náà sì ni ọ̀nà iṣẹ́ náà gan-an.

Ìbéèrè kìíní: ta ni a fẹ́ ṣe ògbufọ̀ fún? Ní Ṣakí, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá àti Haúsá kò lè ṣe ògbufọ̀ fún ẹni tí ó jẹ́ pé Ìbàrìbá nìkan ni ó gbọ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí káàdì náà jẹ́. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀. Ara káàdì ni kí a bi. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ méjì ni ó wà nínú káàdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì mẹ́rin láàrin 0 sí 9 àti A sí F. Ti àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé: 8086 ni ti Intel, 14E4 ni ti Broadcom, 10EC sì ni ti Realtek. Èkejì dà bí orúkọ àbísọ, èyí tí ó ya ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ ilé yòókù. Lórí Linux, àṣẹ lspci -nn yóò fi méjèèjì hàn. Lórí Windows, a ó rí wọn ní Device Manager, níbi tí a kọ Hardware Ids sí. VEN ni ó ṣáájú ti ìdílé, DEV ni ó sì ṣáájú ti àbísọ. Kódà, bí kò tilẹ̀ sí ògbufọ̀ rárá, tí Windows sì ń kọ Code 28 síwájú wa, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí yóò hàn.

Ìbéèrè kejì: èdè wo ni adájọ́ ń sọ? Ògbufọ̀ tí a ṣe fún Windows kò wúlò lórí Linux. Èyí tí a sì ṣe fún Windows kan lè ṣàìbá òmíràn mu. Ibí yìí ni ìṣòro ẹ̀rọ tuntun ti ń wá. Bí a bá gbé ètò aṣàkóso jáde ní 2019, tí a sì ṣe káàdì ní 2022, kò sí bí orúkọ káàdì yóò ṣe wà nínú ìwé ètò náà, àfi bí a bá fi kún un lẹ́yìn náà. Ọmọ tí a kò tíì bí nígbà ìkànìyàn, a kì í bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn. Púpọ̀ nínú ògbufọ̀ Linux ni ó máa ń bá ètò náà wá: igb wà fún àwọn káàdì Intel kan, tg3 wà fún ti Broadcom, r8169 sì wà fún ti Realtek. Síbẹ̀, àwọn káàdì kan tún ń fẹ́ ètò mìíràn tí a óò dà sí inú wọn fúnra wọn kí wọn tó lè fọhùn. Debian kò kó irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú àwo ìfilélẹ̀ rẹ̀ títí di Debian 12, tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023.

Ìbéèrè kẹta: ta ni ó jẹ́rìí sí i? Ògbufọ̀ èké lè ba ẹjọ́ jẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe káàdì tàbí ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà ni kí a ti gba ògbufọ̀, kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ alágbàtà. Windows máa ń wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀, bí òǹtẹ̀ kò bá sì pé, kò ní gbà á wọlé.

Ìbéèrè kẹrin: báwo ni yóò ṣe dé ibi ìjókòó rẹ̀? Èyí ni ó máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ògbufọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni káàdì tí kò tíì ní ògbufọ̀ ni a fẹ́ fi dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ pe ògbufọ̀, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí yóò jíṣẹ́ náà àfi ògbufọ̀ kan náà. Ọ̀nà àbáyọ méjì wà. A lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí a fi fúláàṣì gbé e wá. A sì lè fi wáyà USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà apèsè, kí fóònù bá a gba íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ètò aṣàkóso ti ní ògbufọ̀ ti fóònù lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fáìlì bá dé, a ó fi àṣẹ pnputil fi í sípò lórí Windows, tàbí kí a fi modprobe pè é lórí Linux. Iná tí ó tàn lára káàdì kò tó ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀rí tí ó dájú ni pé kí á fi ping pe kọ̀ǹpútà kejì, kí ó sì dáhùn.

Báyìí ni a ṣe ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. A ka nọ́ńbà méjèèjì jáde, a rí i pé orúkọ ìdílé gan-an yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ àtijọ́, a yọ ògbufọ̀ àṣìmú kúrò, a sì ti orí fóònù gba èyí tí ó tọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìbéèrè ti dé iwájú gbogbo ìjókòó.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí agbègbè yìí. Òṣoògùn, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn lónìí, ni a bí Samuel Ajayi Crowther sí ní nǹkan bí ọdún 1809. A kó o lẹ́rú níbẹ̀ ní 1821. Ní 1843, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní London. Ní 1970, Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ lé wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó kàn.

A ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí ẹ dán ògbufọ̀ ẹ̀rọ wò nínú kíláàsì àti nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, kí ẹ sì wo bí ó ṣe rí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá rí èyí tí ó sàn jù ú lọ, inú wa yóò dùn láti gbà á. Ìwọ̀n tí a fẹ́ kí ẹ fi wọ̀n ọ́n kò ju ọ̀kan lọ: bí ọmọ bá gbọ́ orúkọ náà, ṣé yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun wá? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún akápò pé iṣẹ́ ti parí, òun fúnra rẹ̀ ni ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí ó bèèrè pé, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè rẹ̀?’