Ta ló yẹ kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ adití ní àríwá Èkìtì?

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin adití kan wá láti abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé, ó wá fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn pé wọ́n ń lu òun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló bá a wá, òun náà ló sì ń túmọ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni òṣìṣẹ́ ń kọ sílẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbí, ẹni tó ni ẹjọ́ gan-an ni wọn kò gbọ́ tirẹ̀.

Kí ni òfin sọ?

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ka ìdẹ́yẹsí àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó pàṣẹ pé ilé ìwòsàn ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà tí adití yóò fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì kò yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá dẹ́yẹ sí àkàndá ẹ̀dá lè san ₦100,000 tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ti iléeṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà.

Ṣé ògbufọ̀ kan ti tó?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà, nítorí pé kì í ṣe èdè ọwọ́ kan náà ni gbogbo adití ń lò. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, kó tó dé Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa tọ ipasẹ̀ ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n adití tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ, àmì tí òun àti ará ilé rẹ̀ jọ ṣẹ̀dá ló ń lò. Ògbufọ̀ tó gbọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ lè má gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ògbufọ̀ méjì níbòmíràn: adití kan tó mọ bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ jáde lára irú àmì bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ń gbọ́ràn, tí yóò sọ ọ́ ní Yorùbá.

Kí ló kù fún òṣìṣẹ́?

Ní ọdún 2022 ni òfin dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn sílẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ náà yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta: èdè wo lò ń lò? Ta ni kó túmọ̀ fún ọ? Ta ni kò gbọdọ̀ sí níbí? Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Òsì sì fi owó ògbufọ̀ sínú ìsúná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àna obìnrin adití náà ni yóò máa rojọ́ fún un.