Ta ló ti ka ẹja inú Ọ̀ṣun?

Ẹja ló wà nínú orúkọ oyè ọba Òṣogbo. Àtáọ́ja: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ìtàn ìlú sọ pé ọba na ọwọ́ sí odò, ẹja ńlá kan sì jáde wá bá a. Ìtàn yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo rí fọ́tò omi Ọ̀ṣun lórí fóònù mi, tó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé káwọn èèyàn má mu ún. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń nàka sí.

Ẹ jẹ́ ká fojú lọ́yà wò ó. Ká ní apẹja kan pe awakùsà lẹ́jọ́, ó ní ẹja ti tán. Abala 131 nínú òfin ẹ̀rí wa ti 2011 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá òun láre ló máa fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Lọ́yà ìkejì á kàn dìde:

"Bàbá, ẹja mélòó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀ gan-an ni."

"Mélòó, sà?"

Ẹjọ́ ti ń wó lọ nìyẹn.

Torí irú ìbéèrè yìí ló ṣe dára kéèyàn ní ìlànà kan pàtó fún kíka ẹja odò. Yúróòpù gbé tiwọn jáde ní 2003. American Fisheries Society tẹ ìwé tiwọn ní 2009. Iṣẹ́ náà ò ṣòro láti lóye. Wọ́n á wọn apá kan lára odò kékeré, bíi mítà 100, wọ́n á fi àwọ̀n dí i lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ á gbé ẹ̀rọ oníná wọ inú omi, ẹja á dákú díẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀n kékeré kó wọn sínú bàsíà, wọ́n á kà wọ́n, wọ́n á wọn gígùn wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ àti wáyà o! Ìyẹn ń pa ẹja, ó sì ń pa èèyàn.) Wọ́n á tún padà wọlé lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó dá ẹja sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí 60 lákọ̀ọ́kọ́ tí wọ́n sì rí 30 lẹ́ẹ̀kejì, ìṣirò á sọ pé nǹkan bí 120 ló wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó sá pamọ́.

Wọ́n tún máa ń kọ bí odò ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe jìn tó, bó ṣe ń sáré, bóyá òkúta tàbí ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, àti bí omi ṣe dọ̀tí tó. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni, àfìgbà tí mo ronú kan Ọ̀ṣun. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, ẹni tó mú àwọ̀n dání ò ní rí ẹja tó dákú, iye tó bá kà á lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja wà. Lọ́yà awakùsà á rí ihò yẹn kíá. Yàtọ̀ síyẹn, ẹrẹ̀ tó bo òkúta lè pa ẹyin ẹja kí ẹnikẹ́ni tó rí òkú ẹja kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Odò tó ti bàjẹ́, kí lẹ tún fẹ́ kà níbẹ̀?" Ó ń gbàgbé àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọnú Ọ̀ṣun, èyí tí awakùsà ò tíì dé. Àwọn yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, lóṣù kan náà lọ́dọọdún, níbì kan náà, pẹ̀lú àwọ̀n olójú kan náà. Bí ẹnì kan bá lo àwọ̀n olójú ńlá lẹ́ẹ̀rùn, tí ẹlòmíì lo olójú kékeré lójò, iye méjèèjì ò ṣeé fi wéra, kóòtù ò sì ní gbà á.

Kí wọ́n wá tọ́jú ìwé rẹ̀ síbi tí apẹja fúnra ẹ̀ ti lè lọ gba ẹ̀dà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì débẹ̀.