Ibi Ìtọ́jú Tí Ó Wà ní Àdúgbò Wa

Òkèèrè ni olójú-jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Kò yẹ kí àìsàn dé kí a tó máa wá ibi ìtọ́jú kiri. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ní ìlú Èkó ti lè rí ìtọ́jú nítòsí.

Ibi kìíní ni ilé ìlera alábọ́dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ Mínísítà fún ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ṣiṣẹ́ gidigidi kí irú ilé ìlera báyìí lè wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú aboyún, tí wọ́n sì ń fún ọmọdé ní àjẹsára tí ó ń dènà èéyi àti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ìjọba kì í gba owó àjẹsára yìí.

Ibi kejì ni ọsibítù ńlá ìjọba, níbi tí àwọn dókítà ti ń tọ́jú àìsàn tí ó le. Ọ̀kan wà ní Ajérómì ní Ajégúnlẹ̀, òmíràn wà ní Àpápá. Bí ewu bá dé lójijì, ẹ sọ fún àgbàlagbà kí ó pe 767 tàbí 112 lórí fóònù.

Ibi kẹta ni kẹ́míìsì. Oògùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kì í ṣe ọsibítù. Kí á tó ra oògùn, ẹ jẹ́ kí á wo nọ́ńbà àjọ NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Ẹ má ṣe gba oògùn tí wọ́n dà pọ̀ sínú ọ̀rá láìní orúkọ.

Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ yìí? Ẹ wo àrùn onígbáméjì, tí ó jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Omi àti oúnjẹ tí ó ní ìdọ̀tí ni ó ń fà á. Ẹni tí ó bá ń ṣu gbuuru ń pàdánù omi àti iyọ̀ ara rẹ̀, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ po ORS mọ́ omi tí ó mọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìlera. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Ẹni tí ó bá ń ti kẹ́míìsì kan bọ́ sí òmíràn ń fi àkókò ṣòfò.

Oríṣiríṣi èdè ni a ń sọ ní Ajégúnlẹ̀: Yorùbá, Ìgbò, Íjọ̀, Hausa àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyá kan kò bá gbọ́ èdè nọ́ọ̀sì, ọmọ ilé-ìwé lè bá a túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ béèrè ibi ìtọ́jú tí ó súnmọ́ ilé yín jùlọ lọ́wọ́ òbí yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ àti àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ajé gúnlẹ̀ sí ilé òun, kí ó kọ́kọ́ tọ́jú ara.