Òkè Tó Wé Gèlè: Àwọn Odi Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́bàá ìlú Dorchester, ní àgbègbè Dorset lápá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè kan wà tó dà bí ẹni wé gèlè. Ògiri erùpẹ̀ ràgàjì-ràgàjì ló yí i ká, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, yàrà jíjìn sì wà láàárín wọn. Koríko ti bo gbogbo rẹ̀, àgùntàn ló ń jẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Maiden Castle lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí odi náà gbà mọ́ra tó hẹ́kítà 19, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù. Kò sí kátákátá nígbà tí wọ́n mọ ọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ yàrà rẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ.

Irú odi orí òkè bẹ́ẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Oxford àti Edinburgh gbé àkọsílẹ̀ gbogbo èyí tí a mọ̀ ní Bìrìtéènì àti Ireland jáde. 4,147 ni wọ́n kà. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti Ìgbà Irin, láti nǹkan bí ọdún 800 ṣáájú ìbí Jésù títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù sọdá òkun dé ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Ẹni tó bá rí odi, ogun ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń walẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń gba ibòmíràn yọ.

Awalẹ̀pìtàn Mortimer Wheeler ló sọ Maiden Castle di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Láti 1934 dé 1937, òun àti Tessa ìyàwó rẹ̀, tó kú ní 1936 kí iṣẹ́ náà tó parí, kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ walẹ̀ níbẹ̀. Nítòsí ẹnubodè ìlà-oòrùn, wọ́n bá òkìtì òkúta róbótó tó lé ní 20,000, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ṣà wá láti etíkun Chesil kí wọ́n lè máa fi kànnàkànnà ta á. Wọ́n tún kan itẹ́ òkú. Ojú ọgbẹ́ idà wà ní agbárí àwọn kan. Irin ṣóńṣó kan ṣì há sínú egungun ẹ̀yìn ẹnì kan. Wheeler pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní àwọn ọmọ ogun Róòmù, lábẹ́ Vespasian tó padà di olú-ọba, ló ya bo òkè náà, tí wọ́n pa àwọn èèyàn ibẹ̀ nípakúpa, tí àwọn tó ṣẹ́ kù sì fi ìkánjú sin òkú wọn. Ìtàn náà dùn, ó sì tàn káàkiri.

Ilẹ̀ kò gbè é. Nígbà tí Niall Sharples tún ibẹ̀ wà ní 1985 àti 1986, ó hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè náà ti kó kúrò kí àwọn ará Róòmù tó dé. Ìsìnkú náà kò sì jọ ti ìkánjú, torí wọ́n gbé ìkòkò oúnjẹ ti àwọn òkú kan. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Bournemouth, nínú Dorset kan náà, gbé àbájáde àyẹ̀wò tuntun lórí àwọn egungun náà jáde. Àwọn tí wọ́n pa kò kú lọ́jọ́ kan. Ikú wọn tàn ká ìran bíi mélòó kan, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbúròó ọmọ ogun Róòmù níbẹ̀. Ọwọ́ ará ilé ló jọ pé ó pa wọ́n: bóyá ìjà oyè, bóyá ìdájọ́ ikú.

Yunifásítì Bournemouth yìí náà ni awalẹ̀pìtàn Patrick Darling wà nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ tó gbé Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, jáde fún ayé rí ní 1999. Erédò gùn tó kìlómítà 160, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Nínú Maiden Castle àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ká padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti borí ọ̀rọ̀ ogun ni odi Danebury, ní àgbègbè Hampshire. Barry Cunliffe àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń walẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún láti 1969 títí dé 1988. Wọ́n rí ojú ilé róbótó àti ojú ọ̀nà, wọ́n sì rí kòtò tó lé ní 2,000 tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ẹfun náà. Ọkà báálì àti àlìkámà ni wọ́n ń pa mọ́ sínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n á da ọkà kún kòtò, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa. Ọkà tó fara kan ògiri kòtò á rí omi díẹ̀, á fẹ́ hù. Bó ṣe ń hù ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ inú kòtò, tí yóò sì máa tú irú èyí tí èèyàn ń mí síta jáde. Kòkòrò kò ní lè gbé ibẹ̀ mọ́, ọkà tó kù kò sì ní bu títí àkókò ìfúnrúgbìn á fi dé. Peter Reynolds dán an wò ní oko Butser tó dá sílẹ̀ ní 1972: ọkà tó kó jáde lẹ́yìn ìgbà òtútù hù dáadáa nígbà tó gbìn ín.

Ogun kò ṣàì dé Danebury. Ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, iná jó ẹnubodè rẹ̀, ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá páropáro. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, èèyàn ti gbé ibẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà bíi mẹ́rin, wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń hunṣọ, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń tún odi wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà báyìí pé mímọ odi náà gan-an wà lára ohun tó ń so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, tí ìran kọ̀ọ̀kan ń padà ṣe, kí ẹni tó bá ń kọjá nísàlẹ̀ lè gbójú sókè, kó sì mọ̀ pé àwọn ará òkè yìí pọ̀, apá wọn sì ká a.

Ọ̀wẹ̀ náà kò tíì parí ní Uffington, ní àgbègbè Oxfordshire. Lẹ́bàá odi tó wà lórí òkè kan tó ga tó mítà 261, àwọn ará àtijọ́ ya ẹṣin funfun kan sára òkè, ó gùn tó mítà 110. Wọ́n gbẹ́ poro sínú ilẹ̀, wọ́n sì ki ẹfun bọ inú rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Bí wọ́n bá pa á tì, koríko á gbà á lọ́wọ́ wọn; ìdí nìyẹn tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni fi ń kúnlẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń fi òòlù lu ẹfun tuntun wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀ títí á fi le. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ńṣe ni wọ́n bo ẹṣin náà mọ́lẹ̀ kí àwọn awakọ̀ òfuurufú Jámánì má baà fi ṣe àmì.

Ẹni tó jẹ́ pé ìran wíwò ló ń wá kò ní pàdánù ní odi British Camp, tó ga tó mítà 338 lórí àwọn òkè Malvern. Láti ibẹ̀, ojú á tó òkè ilẹ̀ Wales lápá ìwọ̀-oòrùn. Ìtàn ẹnu ní ibẹ̀ ni olóyè Caractacus ti bá àwọn ará Róòmù jà kẹ́yìn, Edward Elgar sì fi ọ̀rọ̀ olóyè náà ṣe orin ńlá kan ní 1898, àmọ́ odò tí òpìtàn Tacitus ní ó wà lójú ogun náà kò sí nísàlẹ̀ òkè yìí. Odi Mam Tor ní Derbyshire ga jù ú lọ, mítà 517, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ débi pé wọ́n ti ọ̀nà mọ́tò tó gba abẹ́ rẹ̀ pa ní 1979. Ọ̀dà tó fọ́ yángá ṣì wà níbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ń gun orí rẹ̀ kọjá.

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1979 ló ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn odi wọ̀nyí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tàbí gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin inú ilẹ̀ lọ láìgbàṣẹ. Rírìn kò léèwọ̀ ní ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ọfà aláwọ̀ ìyeyè sàmì sí, bí èèyàn bá ti lè fi géètì sílẹ̀ bó ṣe bá a, kó má sì jẹ́ kí ajá rẹ̀ máa lé àgùntàn. Àwọn ọmọ wa náà ti ń bá wọn rìn. Rhiane Fatinikun, tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019 kí àwọn obìnrin dúdú lè máa pàdé rìn ní ìgbèríko.

Fún ẹni tó ń gbé London, èyí tí kò ní wàhálà ni Ivinghoe Beacon, odi kan tó wà lára àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù ní Bìrìtéènì. Ọkọ̀ ojú irin láti Euston á gbé e dé Tring láàárín wákàtí kan. Láti ibẹ̀, kó tẹ̀ lé ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ridgeway fún bíi kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà, yóò bá a ní òpin ọ̀nà náà. Kò sí owó ìwọlé, wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Bàtà tí kì í yọ̀, omi mímu àti ẹ̀wù òjò ni kó mú dání, torí pé atẹ́gùn orí òkè yẹn kì í ṣeré.