Ọjọ́, Ìbà àti Òkokòmáíkò: Ìtàn Ìjọba Ìbílẹ̀ tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí nínú Ìwé Òfin

Ìfáàrà

Láti Mile 2 títí dé Àgbádárìgì, títì ńlá kan ṣoṣo ni ó so ọ̀pọ̀ ìlú pọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó. Mẹ́ta nínú wọn ni Ọjọ́, Ìbà àti Òkokòmáíkò. Ẹni tí kò mọ agbègbè náà dáadáa lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìlú kan, nítorí pé ilé ti kan ilé, ọjà sì ti wọ inú ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà di ohun tí ó jẹ́ lónìí yàtọ̀. Ti Ìbà ni ó gba àfiyèsí jù. Láti ọdún 2003 ni Ìbà ti ní ìjọba tirẹ̀, tí ó ní alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 768 tí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó já sí fún ẹni tí ń gbé ibẹ̀.

Ìpìlẹ̀ Àwọn Ìlú Náà

Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lójú omi títí ó fi rì ní Ìṣẹrì. Láti inú 'àwo rì' ni wọ́n sọ pé orúkọ Àwórì ti jáde. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tàn ká dé etí ọ̀sà. Ọjọ́ wà ní ìtòsí ọ̀sà, omi sì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Ẹja pípa àti òwò orí omi ni ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn erékùṣù bí Ìrèwé àti Tàfí, níbi tí Àwórì àti Ẹ̀gùn ti jọ ń gbé. Ìbà ní tirẹ̀ wà ní apá ilẹ̀ gbígbẹ, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́jọ́ ni ọba Ọjọ́, Oníbà ni ọba Ìbà. Oyè méjèèjì jẹ́ ẹ̀rí pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kì í ṣe ìgbà tí ìjọba fún Ìbà ní ọ́fíìsì ni Ìbà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú.

Ohun tí Ó Yí Agbègbè Náà Padà

Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni oko àti ipadò yìí di ìgboro. Títì Èkó sí Àgbádárìgì ni ó ṣáájú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen tí ó wà lẹ́bàá títì náà kó ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ Jámánì náà ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ dáńfó ṣì ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní 'Volks'. Ní ọdún 1978 ni ọjà Àlàbà tẹ̀dó sí Ọjọ́, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ọjà ẹ̀rọ rédíò àti amóhùnmáwòrán tí ó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníṣòwò Ìgbò pọ̀ níbẹ̀, bí àwọn Hausa ṣe pọ̀ ní Àlàbà Rago.

Ìjọba Lateef Jakande (1979 sí 1983) kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ó sì dá Fáfitì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ọgbà rẹ̀ tí ó tóbi jù wà ní Ọjọ́. Láti ìgbà náà, oko tí kò rí àlejò rí di ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òkokòmáíkò, ní tirẹ̀, jẹ́ ìlú tí títì sọ di ńlá. Ibẹ̀ ni ètò ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27 láti Marina, yẹ kí ó parí sí. Apá àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ kìlómítà 13, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ó dé.

Bí Ìbà Ṣe Di Ìjọba

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, abẹ́ ẹ̀ka Àgbádárìgì ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ní ọdún 1989 ni wọ́n yọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọjọ́ lára ti Àgbádárìgì; ní ọdún 1996 ni wọ́n tún yọ Ajẹ́rọmí-Ìfẹ́lódùn lára Ọjọ́. Síbẹ̀, ohun tí ó kù fún Ọjọ́ ṣì pọ̀. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 598,000 níbẹ̀. Ìkànìyàn tí Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ṣe ka iye tí ó lé ní 941,000.

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni ó wà fún Èkó, nígbà tí Kano nìkan ní 44, tí Jigawa tí wọ́n yọ lára rẹ̀ sì ní 27. Èyí ni ìjọba Bola Tinubu rò papọ̀ tí ó fi dá 37 mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 2003, tí gbogbo rẹ̀ fi di 57. Ọjọ́ pín sí mẹ́ta: Ọjọ́, Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ìjọba àpapọ̀ kò fara mọ́ ọn, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní ọdún 2004.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbé ìdájọ́ tí ó ní ojú méjì kalẹ̀. Èkíní ni pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Èkejì ni pé Èkó tọ̀nà láti dá àwọn ìjọba tuntun náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin. Àtúnṣe náà kò wáyé. Èkó wá yí orúkọ wọn padà sí agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀. Owó tí wọ́n dá dúró kò jáde títí di ọdún 2007, lábẹ́ Ààrẹ Yar'Adua.

Ohun tí Ó Já Sí fún Ará Ìlú

Ìwé òfin sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, gọ́tà, àti àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Iṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn ará Ìbà ń retí lọ́wọ́ alága tí wọ́n dìbò fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá jáde láti àpò àpapọ̀, Ọjọ́ ni ìwé mọ̀. Láti inú ìpín Ọjọ́ ni Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì ti ń jẹ, nípasẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Àbùjẹ ni ọbẹ̀ ìkòkò kan fún ilé mẹ́ta. Ìdí nìyí tí owó ọjà àti owó ilé fi ṣe pàtàkì sí ìjọba irú èyí, tí ẹgbẹ́ àwọn onílé sì fi máa ń dáwó jọ láti fi òkúta dí kòtò àdúgbò wọn.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ó ní ìṣòro bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe yẹ kí ó tóbi tó. Ní orílẹ̀-èdè Belgium, wọ́n da ìjọba ìbílẹ̀ 2,359 pọ̀ di 596 ní ọdún 1977, kí owó àti òṣìṣẹ́ lè tó iṣẹ́. Èkó pín tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ìjọba lè sún mọ́ ènìyàn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní Belgium, òfin parí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún Ọjọ́. Fún Ìbà, ó sọ ìbéèrè àtijọ́ di tuntun: bí owó bá lọ sọ́dọ̀ Ọjọ́ tààrà, ta ni yóò bù fún Ìbà, òfin wo ni yóò sì fi bù ú? Síbẹ̀, nígbà tí Èkó dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025, gbogbo agbègbè 57 ni wọ́n ti dìbò, Ìbà sì wà lára wọn. Ìlú tí ó ní ọba, tí ó ní fáfitì lẹ́bàá rẹ̀, tí ó sì ń dìbò yan alága kì í ṣe ìlú tí kò sí. Ọmọ tí a ti bí ni. Ìsọmọlórúkọ ni ó kù, ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ni ìyẹn sì wà.