Kí Òṣùwọ̀n Kún Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ń tajà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní gbogbo ìhà àríwá Èkìtì! Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí. Gbogbo wa ni a ń jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ń tà á, nítorí náà kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé sí Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé, àwọn ọ̀dọ́ ti mú oríṣiríṣi àṣà wọ àárín wa. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ti àwọn tí ń gbé irin kí ara wọn lè le. Àwọn wọ̀nyí a máa ka oúnjẹ bí oníṣòwò ti ń ka owó. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ń fún ara ní agbára, bí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì, èyí tí ń mú ara dàgbà, bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran, àti ọ̀rá, bí epo àti òróró. Wọn a kọ iye gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fóònù kí wọ́n tó sùn.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ pé: “Àfáà, bí ìṣirò mi bá ti pé, kí ni ó kàn mí bóyá bisikíìtì àti mínírà ni mo jẹ, tàbí iyán àti ẹ̀fọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ kí a dá a lóhùn láìfi í ṣẹ̀sín.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a má ṣe bú ìṣirò. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé bí ènìyàn kò bá lè ṣe kí ó má jẹun púpọ̀, kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ìwọ̀n nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Atwater, ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn, ni ó fi yé ayé pé gíráàmù kan nínú oúnjẹ agbára tàbí nínú oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà a máa fún wa ní nǹkan bí kálórì 4, tí gíráàmù ọ̀rá kan a sì fún wa ní 9. Ní 2010, olùkọ́ yunifásítì kan ní Kansas, Mark Haub, fi ara rẹ̀ dán ìṣirò wò. Fún ọ̀sẹ̀ 10, kéèkì dídùn àti ìpápánu ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí kálórì rẹ̀ ju 1,800 lọ lóòjọ́. Ó fi pọ́n-ùn 27 fúyẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá ní ìṣirò kì í mú ènìyàn fọ́n, kò sọ òtítọ́. Àmọ́ ẹ fiyè sí i pé Haub pàápàá ń lo hóró fítámìn, ó sì ń mu ohun mímu tí ń mú ara dàgbà lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí ara fúyẹ́ nìkan kọ́ ni ìlera. Ní 2019, èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí Kevin Hall ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n gba ènìyàn 20 sínú ilé ìwòsàn ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ 4. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rọ pò fún ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ gidi tí a sè fún ọ̀sẹ̀ 2. Kálórì, ṣúgà, ọ̀rá àti fọ́nrán tí wọ́n gbé síwájú wọn bára dọ́gba, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù jẹ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí oúnjẹ ilé-iṣẹ́ wà níwájú wọn, nǹkan bí kálórì 500 ni wọ́n fi jẹ ju ti oúnjẹ gidi lọ lóòjọ́, wọ́n sì sanra sí i. Nígbà tí ó di oúnjẹ gidi, wọ́n fọ́n. Lórí ìwé, àwo méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ikùn kì í ka ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àìsàn tí ó rí lára àwọn ọmọdé ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí. Ẹsẹ̀ wọn a wú, awọ ara wọn a máa bó, irun wọn a sì pupa. Àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí a sì fi ẹ̀kọ àgbàdo bọ́, ni ó ń mú. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ará Gàá ń pè é, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí àbúrò gba àyè rẹ̀. Ikùn àwọn ọmọ náà kò ṣófo o! Oúnjẹ inú rẹ̀ ni kò pé.

Ní ìtòsí wa níhìn-ín, ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà sí Òkèmẹ̀sí, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ọmọdé ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì ń fi ìlà ìdàgbà wọn sínú káàdì tí ìyá ọmọ ń gbé lọ sílé. Ìwọ̀n ni òun náà lò, ṣùgbọ́n ó lò ó láti fi tú àṣírí ọmọ tí ń jẹun tí kò dàgbà.

Ohun tí ó fà á nìyí. Èròjà tí ń mú ara dàgbà kì í ṣe oríṣi kan. Àgbàdo kò ní lysine tó, ẹ̀wà sì ní in dáadáa. Methionine kò pọ̀ nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ní in. Nítorí náà, 20 gíráàmù láti inú àgbàdo nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí 20 gíráàmù láti inú ẹyin yóò ṣe. Àwọn ìyá wa kò mọ gíráàmù, síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀lẹ̀ àti àkàrà ti ẹ̀kọ, èkínní sì ń dí àlàfo èkejì. Gààrí kò ní gíráàmù 2 irú èròjà yìí nínú 100; ẹ̀wà gbígbẹ ní ju 20 lọ. Fọ́nrán àti fítámìn inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà rárá.

Nísinsìnyí, ẹ wo Àlùkùránì, Súrà kejì, áyà 168. Nígbà tí Ọlọ́hun ń pàṣẹ oúnjẹ fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ méjì ni Ó lò: hàláàlì àti tọyyib, èyí tí ó tọ́ àti èyí tí ó dára. Ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mínírà jẹ́ hàláàlì, ṣùgbọ́n ṣé ó jẹ́ tọyyib fún ẹni tí ó sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀? Bákan náà, nínú Súrà Káhàfì, nígbà tí àwọn ará inú ihò jí, tí wọ́n fi owó fàdákà rán ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìlú, oúnjẹ tí ó mọ́ jù lọ ni wọ́n ní kí ó wá. Wọn kò ní kí ó wá èyí tí ó pọ̀ jù lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ọlọ́jà. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí kí kọ́ńgò kún, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọkùnrin kan lọ́jà, ó sì bá omi nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni. Òjíṣẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Kò sí ẹni tí ó sọ pé òṣùwọ̀n ọkùnrin náà kò kún!

Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò tí a ń pè ní dichlorvos sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nítorí oògùn yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ wa ní 2015, àjọ NAFDAC sì fi òfin de títa igo kéékèèké rẹ̀ lọ́jà ní 2019. Àwọn mìíràn ń fi aró Sudan IV pọ́n epo pupa. Ọmọ tí ó ra irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ yóò kọ 20 gíráàmù sínú fóònù. Fóònù kò rí májèlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà yín gbẹ dáadáa, kí ẹ sì kó o sínú àpò onípele mẹ́ta, èyí tí ó ní ọ̀rá méjì nínú. Bí ẹ bá so ó pinpin, kòkòrò yóò kú fún àìrí afẹ́fẹ́, kò sì sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ṣírò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yan oúnjẹ kí ẹ tó kà á. Kò ní kí ẹ lówó púpọ̀: ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹyin, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀fọ́ wà lọ́jà Ìkọ̀lé. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdó kí ó tó yí oúnjẹ padà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ògì nìkan jẹ́ oúnjẹ ọmọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kún kọ́ńgò yín, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ lè fún ọmọ tiyín jẹ kún un.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi èyí tí ó tọ́ tí ó sì dára bọ́ wa. Àmín.