Standing Together: Bí Júù àti Lárúbáwá ṣe ń kó ẹgbẹ́ àlàáfíà jọ ní Ísírẹ́lì

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí Hamas ṣe ìkọlù sí Ísírẹ́lì, ọlọ́pàá dá ajàfẹ́tọ̀ọ́ méjì dúró ní ìlú Jerúsálẹ́mù. Pósítà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé Júù àti Lárúbáwá yóò jọ la àsìkò náà kọjá ni. Àwọn ọlọ́pàá gba pósítà náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún gba ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà sí.

Standing Together ni orúkọ ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì wà. Lédè Hébérù, wọ́n ń pè é ní Omdim Beyachad, lédè Lárúbáwá ó ń jẹ́ Naqif Ma'an. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "a jọ dúró pọ̀." Àwọ̀ elésèé àlùkò ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀ níbi ìwọ́de.

Ní ilẹ̀ tí ogun ti sọ aládùúgbò di ẹni tí wọ́n ń fura sí, kí ni irú ẹgbẹ́ báyìí lè ṣe?

Ta ni Lárúbáwá tó jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì?

Nígbà tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ lọ́dún 1948, ọ̀pọ̀ ọmọ Palẹ́sítínì ló sá kúrò nílé tàbí tí wọ́n lé jáde. Àwọn díẹ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn, wọ́n sì di ọmọ orílẹ̀-èdè tuntun náà. Abẹ́ ìṣàkóso ológun ni wọ́n wà títí di ọdún 1966.

Lónìí, nínú ọmọ Ísírẹ́lì márùn-ún, ọ̀kan jẹ́ Lárúbáwá. Wọ́n ní ìwé ìrìnnà, wọ́n ń dìbò, wọ́n sì wà nílé aṣòfin. Nasarẹti, tí ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò mímọ́ láti Nàìjíríà máa ń yà sí, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú Lárúbáwá tó tóbi jù lọ ní Ísírẹ́lì.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ wọn kò tíì dọ́gba. Lọ́dún 2018, ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin kan tó ní ẹ̀yà Júù nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu àyànmọ́ ara rẹ̀ ní Ísírẹ́lì. Òfin náà tún yọ èdè Lárúbáwá kúrò nípò èdè ìjọba. Ẹgbẹ́rún lọ́nà ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe ìwọ́de tako òfin náà ní Tel Aviv.

Ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀

Ìparí ọdún 2015 ni Standing Together bẹ̀rẹ̀. Lásìkò náà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún èèyàn láàárín ìgboro, ẹ̀rù sì ba tọmọdé tàgbà láti wọ ọkọ̀ èrò.

Alon-Lee Green, tó jẹ́ Júù, àti Rula Daood, tó jẹ́ ọmọ Palẹ́sítínì, ni wọ́n jọ ń darí rẹ̀. Nígbà tí Green ń ṣiṣẹ́ nílé kọfí kan ní Tel Aviv, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2011, ó wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tó pa àgọ́ sígboro láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ọ̀wọ́n gógó ilé. Daood ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹgbẹ́ àlàáfíà kì í ṣe tuntun níbẹ̀. Ohun tó mú Standing Together yàtọ̀ ni pé kì í ṣe ìpàdé ìfikùnlukùn lásán ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó, wọ́n ní ẹ̀ka láti ìlú dé ìlú àti nílé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì ń dìbò yan àwọn aṣáájú wọn. Èdè Hébérù àti Lárúbáwá ni wọ́n fi ń ṣe ìkéde.

Kí ló pa owó iṣẹ́ àti àlàáfíà pọ̀?

Ẹgbẹ́ náà gbà pé ẹni tí ebi ń pa kò ní fetí sí ìwàásù àlàáfíà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi polongo pé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ di ṣékélì 40 ní wákàtí kan. Obìnrin Júù tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn àti ọkùnrin Lárúbáwá tó ń to ọjà sórí pẹpẹ yóò jọ jàǹfààní rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jọ jà fún owó, ó rọrùn díẹ̀ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí ogun.

Wọ́n tún ń sọ fún àwọn Júù pé àlàáfíà kì í ṣe àánú tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọ Palẹ́sítínì. Wọ́n ní láìsí òmìnira fún ọmọ Palẹ́sítínì, kò sí ìfọ̀kànbalẹ̀ fún Júù náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá

Nǹkan bí 1,200 èèyàn ló kú nínú ìkọlù Hamas, wọ́n sì jí 251 gbé. Ogun tí Ísírẹ́lì gbé wọ Gasa pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ètò ìlera níbẹ̀ ṣe sọ.

Lára àwọn tí Hamas pa ni Vivian Silver, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Women Wage Peace sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìkọlù náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn obìnrin Palẹ́sítínì jọ ṣe ìwọ́de àlàáfíà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn agbawèrèmẹ́sìn kan ní Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí dá tírélà tó ń gbé oúnjẹ lọ sí Gasa dúró nítòsí Hébúrónì. Wọ́n da oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀. Standing Together kó olùyọ̀ǹda ara ẹni jọ, Júù àti Lárúbáwá, wọ́n lọ dúró síbẹ̀ láti ṣọ́ àwọn ọkọ̀ náà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọlọ́pàá mú Green àti àwọn mìíràn níbi ìwọ́de kan nítòsí ààlà Gasa.

Wọ́n ń gbá wọn látọ̀tún, wọ́n ń gbá wọn látòsì

Lójú ọ̀pọ̀ Júù, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, PACBI, àjọ Palẹ́sítínì tó ń polongo pé kí ayé má ṣe bá Ísírẹ́lì da nǹkan pọ̀, ní kí wọ́n yẹra fún Standing Together pẹ̀lú. Àjọ náà ní ẹgbẹ́ yìí ń bá Ísírẹ́lì bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀sùn yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ewu tó wà fún àwọn méjèèjì tó jọ dúró kò dọ́gba. Lẹ́yìn ìkọlù náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Lárúbáwá ni wọ́n lé tàbí dá dúró nítorí ohun tí wọ́n kọ sórí ayélujára. Àwọn tó wà ní Gasa àti West Bank kò sì ní ìbò tí wọ́n lè fi yan ìjọba tó ń darí ìgbésí ayé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹgbẹ́ náà tú ká yóò sọ ọ̀nà mìíràn tí èrò Júù ní Ísírẹ́lì lè gbà yí padà. Ìdá márùn-ún Lárúbáwá nìkan kò lè fi ìbò yí ìjọba padà, àwọn Júù tó fẹ́ àlàáfíà kò sì pọ̀ tó láti dá a ṣe. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, bí ogun ṣe ń lọ lọ́wọ́, Sally Abed, ọmọ Palẹ́sítínì tó wà lára aṣáájú ẹgbẹ́ náà, wọlé ìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú Haifa. Júù àti Lárúbáwá ló jọ wà nínú ẹgbẹ́ tó léwájú fún. Àga kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú kò lè dá ogun dúró. Ìbò àwọn aládùúgbò tó jọ ń gbé ìlú kan náà ló sì gbé e débẹ̀.